Fọ́ǹtì Tí Mo Sọ ní Orúkọ Ara Mi

Lẹ́tà mẹ́jọ ló kó mi sí wàhálà: ẹ́, ẹ̀, ọ́, ọ̀, àti àwọn ńlá wọn, Ẹ́, Ẹ̀, Ọ́, Ọ̀. Á, è, í àti ò kò yọ wá lẹ́nu rí, nítorí pé àwọn Faransé, Potogí àti ará Ítálì ń lo irú wọn, wọ́n sì ti wà nínú kọ̀ǹpútà kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ àti ọ tí kò ní àmì ohùn náà wà ńbẹ̀. Àwọn ará Vietnam ń lò wọ́n. Ṣ pàápàá wà ńbẹ̀, torí pé òun ni àwọn ọ̀mọ̀wé fi ń kọ Sanskrit, èdè àtijọ́ ilẹ̀ Íńdíà, bí wọ́n bá fẹ́ fi lẹ́tà Látìn kọ ọ́. Àmọ́ bí àmì bá ti wà lábẹ́ ẹ tàbí ọ, tí àmì ohùn tiwa tún gun orí rẹ̀, kò sí ẹni tó gba àyè sílẹ̀ dè wá.

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mo fi ń jẹun nílé-Ifẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Lágere. Ìwé ètò ìsìnkú, káàdì ìgbéyàwó, bánà ọdún ìbílẹ̀, àpilẹ̀kọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, èyí tó bá dé ni mò ń tẹ̀. Ifẹ̀ kì í sì í ṣe ìlú tí èèyàn ti lè tẹ Yorùbá láìfàmì sí i kó gbowó rẹ̀ ní wọ́ọ́rọ́wọ́. Níbí ni Wándé Abímbọ́lá àti Akínwùmí Ìṣọ̀lá ti kọ́ni ní Yunifásítì. Ní Modákẹ́kẹ́ níbí náà ni Bàbá Fáfúnwá àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní 1970 sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́, àyàfi Gẹ̀ẹ́sì, fún ọdún mẹ́fà gbáko. Oníbàárà tó wọlé tọ̀ ọ́ lè jẹ́ tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, kí bírò pupa sì wà lápò rẹ̀.

Taipuráítà ni ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ń lò. Bó bá tẹ ojú ìwé kan tán, á fà á yọ, á mú bírò dúdú, á wá máa fọwọ́ fi àmì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo ra kọ̀ǹpútà, mo rò pé mo ti gbọ́n ju ọ̀gá mi lọ. Ẹ jẹ́ n sọ bí mo ṣe gbọ́n tó.

Mo gba ètò kan tí wọ́n ń pè ní FontForge sórí ẹ̀rọ mi. George Williams ló kọ ọ́, tó sì yọ̀ǹda rẹ̀ fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́. Òun la fi ń ya lẹ́tà sínú fọ́ǹtì. Mo wo orí kíbọ́ọ̀dù, mo wá àwọn àmì tí Yorùbá kì í sábà lò, mo sì gba ilé lọ́wọ́ wọn. Ibi tí @ wà, mo ya ẹ́ síbẹ̀. Mo sọ % di ẹ̀, mo sọ # di ọ́, ^ di ọ̀, { di Ọ. Bí mo bá tẹ #, ọ́ ni yóò yọ lójú ẹ̀rọ, ọ́ náà ni yóò sì jáde lórí ìwé. Ó dùn mọ́ mi débi pé mo sọ fọ́ǹtì náà ní orúkọ ara mi.

Ìdílé kan gbé ètò ìsìnkú bàbá wọn wá. Àdírẹ́sì ímeèlì àkọ́bí wọn wà nísàlẹ̀ ojú ìwé tó kẹ́yìn. Mo tẹ̀ ẹ́ tán, mo wò ó, ẹ́ ló jókòó síbi tó yẹ kí @ wà. Mo rẹ́rìn-ín. Mo yí lẹ́tà kan ṣoṣo yẹn sí fọ́ǹtì mìíràn, mo bá iṣẹ́ mi lọ. Àṣìṣe yẹn yọjú sí mi lójúkojú, ó kí mi káàárọ̀, èmi ni mo ní kó padà sílé.

Màmá tó ni òkú fẹ́ kí ọmọ wọn tó wà ní London yẹ ìwé náà wò kí n tó tẹ̀ ẹ́. Mo fi fáìlì ránṣẹ́. Nígbà tó yá, Màmá dé ṣọ́ọ̀bù, fóònù wà lọ́wọ́ wọn.

"Ọmọ mi, kí lo kọ ránṣẹ́ sí àbúrò ẹ? Ó ní àwọn àmì kan wà lára orúkọ Ọlọ́run tó jọ ti onísègùn."

Mo gba fóònù lọ́wọ́ wọn. Ọmọ náà ti ya ohun tó rí, ó ti fi ránṣẹ́ padà. Níbi tí mo kọ "Ọlọ́run" sí, "{l#run" ló wà. Níbi tí mo kọ "bàbá wa ọ̀wọ́n" sí, "bàbá wa ^w#n".

"Màmá, kò le. Ẹ sọ fún un kó gba fọ́ǹtì mi lọ́wọ́ mi, kó fi sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Gbogbo ẹ̀ á tò."

"Fóònù ló fi ń wò ó."

"Ẹ ní kó wá kọ̀ǹpútà, Màmá."

"Àwọn àbúrò ẹ̀ tó wà ní Houston ńkọ́? Ọ̀rẹ́ bàbá wọn tó wà ní Kánádà ńkọ́? Ṣé gbogbo wọn ló máa kọ́kọ́ gba nǹkan lọ́wọ́ ẹ kí wọ́n tó lè ka orúkọ ọkọ mi?"

Ẹ ò gbọ́ pé mo ṣì ń ṣàlàyé! Mo ń fi FontForge han Màmá lójú ẹ̀rọ. Obìnrin tí kò tẹ kọ̀ǹpútà rí ló béèrè ìbéèrè tó gbé gbogbo ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀, èmi tí mo pe ara mi ní ọ̀gá ń fi èdè iṣẹ́ bò ó mọ́lẹ̀. Ìtìjú ìyẹn ṣì ń pa mí ju ti àwọn lẹ́tà tó dàrú lọ.

Ohun tí Màmá mọ̀ tí èmi ò mọ̀ ni pé ohun tí a kọ gbọ́dọ̀ wà láìsí èmi. Kọ̀ǹpútà kì í tọ́jú àwòrán lẹ́tà. Nọ́ńbà ló ń tọ́jú, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, iṣẹ́ fọ́ǹtì sì ni láti mú àwòrán tó bá nọ́ńbà náà mu wá. Nọ́ńbà # ni mo fi pamọ́ sínú fáìlì, mo wá fi àwòrán ọ́ bò ó lójú. Ẹ̀rọ tí kò bá mọ̀ mí rí, òtítọ́ ni yóò sọ. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi kò jìnnà tó bẹ́ẹ̀.

Mo wá gbọ́ lẹ́yìn náà pé ọ̀pọ̀ ló ti gba ọ̀nà yẹn kọjá. Ní Íńdíà, ìgbà kan wà tí ìwé ìròyìn yìí ní fọ́ǹtì tirẹ̀, tí tọ̀hún ní tirẹ̀, tí ẹni tó fẹ́ ka méjèèjì lórí íntánẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ gba fọ́ǹtì méjì. Ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà wa níbí, ọmọ ìyá méjì láti Guinea, Abdoulaye àti Ibrahima Barry, ṣe lẹ́tà tuntun fún èdè Fúlàní ní 1989, ìyẹn ADLaM. Kí Unicode, ìlànà tó ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà, tó gba lẹ́tà wọn wọlé ní 2016, ẹni tí kò bá ní fọ́ǹtì wọn lórí ẹ̀rọ, lẹ́tà Lárúbáwá játijàti ló ń rí. Nígbà tí mo kà á, ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Àmọ́ àwọn tọ̀hún kò ní ibòmíràn tí wọ́n lè gbà nígbà yẹn. Ọ̀nà ti là fún èmi, mi ò kàn béèrè ni.

Ọmọkùnrin kan tó ń kẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà ló là mí lóye. Ó wá tẹ iṣẹ́, ó rí mi bí mo ṣe ń tẹ # àti ^, ó ní, "Bọ̀dá, ẹ ò ṣe lọ ka nípa Unicode?" Mo lọ kà á. Láti 1991 ni àwọn tó ń ṣe Unicode ti ń fún gbogbo lẹ́tà ayé ní nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, tí kò sí ẹ̀rọ tí yóò ṣi ọ̀kan pè mọ́ èkejì. Mo rí ẹ, 1EB9. Mo rí ọ, 1ECD. Mo rí ṣ, 1E63. Mo wá lẹ́tà mẹ́jọ tèmi títí, mi ò rí ọ̀kan. Inú bí mi. Mo ní wọ́n ti yàn wá jẹ, mo sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi fún ìgbà pípẹ́.

Ká ní mo ṣí ojú ìwé tó tẹ̀ lé e ni, mi ò bá ti rí i pé ẹ́ wà ńbẹ̀. Nọ́ńbà méjì ló jẹ́: 1EB9 tí í ṣe ẹ, kí 0301, tí í ṣe àmì ohùn òkè, wá tẹ̀ lé e. Fún ohùn ìsàlẹ̀, 0300 ni. Wọ́n sì ti fi òfin dè é pé wọn kò ní máa dá nọ́ńbà kan ṣoṣo sílẹ̀ mọ́ fún ohun tí a lè fi méjì kọ, kí ìwé àná lè bá ti òní mu. Bí ìlú kankan bá tilẹ̀ kọ̀wé ẹ̀bẹ̀, ìyẹn kò ní yí padà.

Èmi kò kà dé ibẹ̀. Ohun tí mo rí ni ilẹ̀ òfìfo kan nínú Unicode, láti E000 dé F8FF, àyè 6,400, tí wọ́n fi sílẹ̀ kí oníkálukú fi ṣe ohun tó bá wù ú. Mo ní Ọlọ́run ti gbọ́ àdúrà mi. Mo kó lẹ́tà mẹ́jọ mi lọ síbẹ̀. Kò sí @ mọ́, kò sí #. Mo wá ń sọ fún àwọn oníbàárà pé Unicode ni mò ń lò. Bí ẹ bá gbọ́ mi bí mo ṣe ń pè é, ẹ ó rò pé èmi ni wọ́n kọ́kọ́ fi lọ̀.

Ọmọbìnrin kan gbé àpilẹ̀kọ rẹ̀ lórí àwọn òrìṣà wá láti ilé ẹ̀kọ́ gíga kan. Ó fẹ́ kí n bá òun ṣe atọ́ka orúkọ sẹ́yìn rẹ̀. Mo ní kí ẹ̀rọ to àwọn orúkọ náà, ó tò wọ́n, mo tẹ ìwé, mo di í, mo gbowó. Ó padà wá, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Bọ̀dá, Ọ̀ṣun wà lẹ́yìn Yemọja."

"Kí ló burú ńbẹ̀? Omi kan náà kọ́ ni?"

"Nínú atọ́ka ni mò ń sọ, sà. Ọbàtálá wà láyè ẹ̀, ṣùgbọ́n Ọ̀ṣun, Ọ̀rúnmìlà àti Ọ̀ṣọ́ọ̀sì, gbogbo wọn ló lọ sí ìdí, lẹ́yìn Y. Ọ̀gá mi tún wá Ọ̀ṣun nínú fáìlì tí mo fi ránṣẹ́ sí wọn, kọ̀ǹpútà ní kò sí. Wọ́n ní báwo lòun ṣe máa ka ìwé lórí Ọ̀ṣun tí Ọ̀ṣun ò sí nínú ẹ̀?"

Ọbàtálá jókòó síbi tó yẹ ẹ́ nítorí pé Ọ rẹ̀ kò ní àmì ohùn, nọ́ńbà gidi ló ní. Ọ̀ ti àwọn yòókù wà lórí ilẹ̀ òfìfo tí mo kó wọn lọ, ẹ̀yìn gbogbo ááfábẹ́ẹ̀tì sì ni ilẹ̀ náà wà. Kọ̀ǹpútà ọ̀gá rẹ̀ ń wá Ọ̀ tí gbogbo ayé mọ̀; èmi nìkan ni mo mọ tèmi. Bí ẹlòmíràn bá tún ya àwòrán tirẹ̀ sórí nọ́ńbà kan náà ńkọ́? Kò sí ẹni tó ni àyè yẹn, onítọ̀hún lè fi àmì tẹlifóònù síbẹ̀.

Àṣìṣe kìíní ni mo tún ṣe, mo kàn fún un ní àdírẹ́sì tuntun ni. Ohun tí mo rí kọ́ nínú rẹ̀ ni pé ojú nìkan kọ́ ló ń ka ìwé lóde òní. Ẹ̀rọ tó ń tò ó ń kà á, ẹ̀rọ tó ń wá ọ̀rọ̀ ń kà á, ẹ̀rọ tó ń kà á sókè fún afọ́jú náà ń kà á. Gbogbo wọn kò ríran. Nọ́ńbà ni wọ́n ń bá lọ.

Mo wá gbà níkẹyìn kí ẹ́ jẹ́ nọ́ńbà méjì. Mo ya àmì ohùn òkè àti ti ìsàlẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, mo ṣe é kí wọ́n má gbàyè lórí ìlà, kí wọ́n kàn sún sẹ́yìn bo lẹ́tà tó ṣáájú wọn. Mo fi ọ dán an wò, ó bọ́ sójú rẹ̀. Mo fi ẹ dán an wò, ó bọ́ sójú rẹ̀. Lójú mi, iṣẹ́ ti parí. Àṣé nítorí pé ẹ àti ọ fẹ̀ tó ara wọn ni. Nígbà tí mo tẹ Ọ̀ ńlá, àmì náà gún un níkùn. Nígbà tí mo tẹ m̀, tí òun náà kò ní nọ́ńbà àpapọ̀, àmì náà fì sí ẹsẹ̀ ọ̀tún m bí ẹni fẹ́ jábọ́.

Èmi ni mò ń bá àmì wá ibi tí yóò dúró. Lẹ́tà ló yẹ kó sọ fún un. Bí fìlà ni: orí ló ń sọ ibi tí fìlà yóò dé. Nínú fọ́ǹtì tó péye, ojúkò kan wà lókè lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, òmíràn wà lábẹ́ rẹ̀, àmì kọ̀ọ̀kan náà sì ní ojúkò tirẹ̀. Bí a bá tẹ Ọ tí a tẹ àmì, ètò tó ń to lẹ́tà yóò mú ojúkò méjèèjì kan ara wọn. Nínú OpenType, ìlànà tí fọ́ǹtì òde òní ń tẹ̀ lé, inú tábìlì tí wọ́n ń pè ní GPOS ni èyí wà. FontForge tó ti wà lọ́wọ́ mi látọjọ́ yìí lè ṣe é. Mi ò tẹ bọ́tìnnì ibẹ̀ rí ni. Ètò tó sì ń ka tábìlì náà nínú Firefox, Chrome àti fóònù Android ni HarfBuzz, iṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí Behdad Esfahbod ṣe aṣáájú rẹ̀. LibreOffice náà gbé gbogbo títo lẹ́tà rẹ̀ lé HarfBuzz lọ́wọ́ ní 2017, nínú ẹ̀dà 5.3.

Kí n tó mọ ìyàtọ̀ láàárín fọ́ǹtì àti ètò tó ń to lẹ́tà, mo ba nǹkan jẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Fọ́ǹtì mi jáde dáadáa nínú Firefox, ó jáde wọ́gọwọ̀gọ nínú ètò àtijọ́ kan tí mo fi ń ṣe káàdì. Mo dá fọ́ǹtì lẹ́bi, mo sún àmì rẹ̀ títí ó fi bá ètò àtijọ́ náà lára mu. Ó wá bàjẹ́ níbi gbogbo yòókù. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Bí Yorùbá bá dàrú lójú yín, ẹ kọ́kọ́ béèrè: ṣé fáìlì ló ní lẹ́tà tí kì í ṣe òun, ṣé fọ́ǹtì ni kò ní ojúkò, àbí ètò náà ni kò mọ tábìlì kà? Ẹ gbé fáìlì kan náà sínú ètò mìíràn, ẹ tún yí fọ́ǹtì rẹ̀ sí èyí tó dájú, ẹ ó mọ ẹni tó jẹ̀bi kí ẹ tó na ẹnikẹ́ni.

Ti àwọn ará Íńdíà ló tiẹ̀ mú ọ̀rọ̀ náà yé mi dáadáa. Nínú lẹ́tà Devanagari tí wọ́n fi ń kọ Hindi, àmì fáwẹ̀lì i kúkúrú ń tẹ̀ lé kọ́ńsónáǹtì nínú fáìlì, bó ṣe ń tẹ̀ lé e lẹ́nu. Lójú ìwé, iwájú kọ́ńsónáǹtì náà ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Ta ni yóò gbé e lọ síwájú? OpenType ní kí ètò tó ń to lẹ́tà mọ òfin lẹ́tà náà, kí fọ́ǹtì kó àwòrán wá. Graphite, tí àjọ SIL ṣe, ní kí gbogbo òfin wà nínú fọ́ǹtì fúnra rẹ̀, kí èdè kékeré tí kò sí ẹni tó rántí rẹ̀ má baà dúró de ẹnikẹ́ni. Ọ̀nà kan ò wọjà. Ibi tí ọ̀nà méjèèjì ti pàdé ni pé kò sí èyí tó ní kí ẹ pa irọ́ sínú fáìlì nítorí ojú. Bí èèyàn bá sì ti rí iṣẹ́ tí Hindi ń gbé lọ sókè sódò, kò ní lè máa sunkún mọ́ torí àmì kan lórí ẹ.

Ẹ má rò pé mo ti gbọ́n tán níbẹ̀. Ẹgbẹ́ kan gbé bánà wá fún ọdún Ọlọ́jọ́. Wọ́n fẹ́ kí ỌDÚN ỌLỌ́JỌ́ wà lókè pátápátá, ní lẹ́tà ńlá. Mo tẹ̀ ẹ́, mo rí i lójú ẹ̀rọ pé orí àwọn àmì náà kò yọ, bí ẹni pé ọ̀bẹ kọjá lórí wọn. Akọ̀wé ẹgbẹ́ náà rí i.

"Ọ̀gá, àmì yìí ńkọ́?"

"Ojú ẹ̀rọ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bó bá dórí bánà, á yọ."

Kí ló fún mi ní ìdánilójú yẹn? Kò sí nǹkan kan. Àárẹ̀ ti mú mi, wọ́n ń kánjú, mo sì ti gba àsansílẹ̀. Wọ́n gbé bánà lọ, wọ́n ta á sí ọ̀nà Ẹnuwà, níbi tí gbogbo ará ìlú ń gbà lọ sí ààfin. Bàbá tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì dúró lábẹ́ rẹ̀, ó wò ó títí, ó wá yà sí ṣọ́ọ̀bù mi.

"Ọ̀gbẹ́ni atẹ̀wé, ta ló bẹ́ wọn lórí?"

Mo dọ̀bálẹ̀. Owó bánà kejì, àpò mi ló ti jáde. Fọ́ǹtì ní nọ́ńbà kan tó fi ń sọ fún ẹ̀rọ bí lẹ́tà rẹ̀ ṣe ga tó. Ohun tó bá ga ju nọ́ńbà náà lọ, àwọn ètò kan á gé e dànù. O ńlá lásán ni mo fi wọn tèmi. Mo gbàgbé pé Yorùbá máa ń gbé nǹkan sórí O. Láti ìgbà náà, lẹ́tà ńlá tó ní àmì lókè àti lábẹ́ ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ ìdánwò, lórí ìlà àkọ́kọ́, kí n tó kan àwọn kékeré tó rọrùn.

Èyí tó kù kúrú. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé Yorùbá àtijọ́, ilà kékeré tó nàró ló wà lábẹ́ ẹ àti ọ, dọ́ọ̀tì kọ́. Mo fẹ́ràn ilà yẹn. Unicode ní nọ́ńbà fún dọ́ọ̀tì abẹ́, 0323, ó ní òmíràn fún ilà, 0329. Mo ń fi 0329 tẹ ìwé tí mo bá fẹ́ kó ní iyì àgbà, mo ń fi 1EB9 àti 1ECD tẹ èyí tó kù. Bí mo ṣe sọ orúkọ kan ṣoṣo di méjì fún ẹ̀rọ nìyẹn, tó jẹ́ pé ẹni tó bá wá ọ̀kan kò ní rí èkejì láé. Bẹ́ẹ̀, ẹ́ tó ní dọ́ọ̀tì, bí ẹ bá gba ọ̀nà mẹ́rin tẹ̀ ẹ́, ọ̀kan náà ni lójú òfin Unicode: ẹ kẹ́ ẹ fi àmì ohùn lé e, é kẹ́ ẹ fi dọ́ọ̀tì sábẹ́ rẹ̀, e, dọ́ọ̀tì, àmì ohùn, tàbí e, àmì ohùn, dọ́ọ̀tì. Ètò tó bá mọṣẹ́ á sọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin di ẹyọ kan. Ilà kò sí nínú àdéhùn yẹn. Ohun tó yẹ kí n ṣe ni kí n jẹ́ kí 1EB9 wà nínú fáìlì, kí n wá ya ilà sí abẹ́ rẹ̀ nínú fọ́ǹtì. Iyì àgbà náà á wà, ìwé kò sì ní sọnù.

Ó tún ku àwọn fáìlì ìgbà @ àti #. Mo ní kí n fi ẹ̀mí ìrònúpìwàdà tún wọn ṣe, mo pàṣẹ kí kọ̀ǹpútà sọ gbogbo @ di ẹ́, gbogbo % di ẹ̀. Ó ṣe é kánmọ́kánmọ́. Gbogbo àdírẹ́sì ímeèlì tó wà nínú wọn ló di Yorùbá, ẹ̀dínwó 10% sì di 10ẹ̀. Ẹ máa tọ́jú ẹ̀dà àtijọ́ kí ẹ tó ṣàtúnṣe ohunkóhun.

Mo ti jáwọ́ nínú fọ́ǹtì tó ń jẹ́ orúkọ mi. Gbogbo àkókò tí mo fi ń ya ẹ́ ní Lágere, Gentium, Charis SIL àti DejaVu wà nílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ojúkò wọn pé, ẹnikẹ́ni ló sì láǹfààní láti gbà wọ́n. Noto ti Google náà dé bá wọn. Òfin SIL Open Font License tiẹ̀ gbà kí ẹ ṣí Charis, kí ẹ yí dọ́ọ̀tì rẹ̀ sí ilà bó bá wù yín; ẹ kàn máa fún ẹ̀dà tiyín ní orúkọ mìíràn ni. Kíbọ́ọ̀dù náà ń bẹ: Linux ní ti Yorùbá lábẹ́ Nàìjíríà, Keyman wà lọ́fẹ̀ẹ́, Kọ́lá Túbọ̀sún àti àwọn tó ń ṣe YorubaName sì ti gbé tiwọn jáde. Ní Ìbàdàn, Túndé Adégbọlá àti àjọ African Languages Technology Initiative tó dá sílẹ̀ ti ń ṣe wàhálà kọ̀ǹpútà àti èdè wa láti ọjọ́ pípẹ́. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Èmi ni mo fẹ́ kí wọ́n pe èmi nìkan ní ọlọ́gbọ́n.

Nítorí náà, kí ẹ tó gbé iṣẹ́ Yorùbá lé oníbàárà lọ́wọ́, ẹ fi fáìlì rẹ̀ ránṣẹ́ sí fóònù ẹlòmíràn tí kò ní fọ́ǹtì yín, kó ka ìlà kan sókè fún yín. Ẹ wá Ọ̀ṣun nínú rẹ̀, ẹ wò ó bóyá ẹ ó rí i. Ẹ to orúkọ díẹ̀, kí Ọ̀rúnmìlà má lọ sí ẹ̀yìn Yemọja. Ẹ tẹ Ẹ́ àti Ọ̀ sórí ìlà àkọ́kọ́, ẹ tẹ m̀ àti ǹ, ẹ tẹ ímeèlì kan sísàlẹ̀. Ẹ tẹ ojú ìwé kan jáde, kí ẹ wò ó nínú oòrùn. Bó bá yege, ẹ gbowó yín. Bí kò bá yege, tí ẹnìkan bá sì béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹ má sọ pé ojú ẹ̀rọ ni, kí ẹ má sì tíì ná owó àsansílẹ̀ náà.